Balùwẹ̀ Tí Wọ́n Bá Mi Tún Ṣe

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, balùwẹ̀ náà ti gbó. Táìlì ara ògiri rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀rọ omi rẹ̀ ń kán tó-tó-tó tọ̀sán-tòru, ìṣó kan tó ti dípẹtà ni mo ń fi aṣọ ìnura kọ́. Ibì kan wà nílẹ̀ tí ọkọ mi fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ibẹ̀ rí gbágungbàgun nítorí pé akọ̀wé ni ọkọ mi, kì í ṣe bíríkìlà. Gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ló máa ń yínmú. Èmi nìkan ni kì í yínmú, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń fi gbogbo ara ríran.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú mi ti fọ́.

Kò ṣàdédé fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí aṣọ ṣe ń ṣá lórí okùn, títí ó fi ku ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan tí mo lè fìyàtọ̀ sí. Dókítà ojú ní èyí tó ti lọ ti lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tọ́ ògiri délé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tu itọ́ funfun jáde.

Kí ló dé tí n kò sọ? Nítorí àkọ́bí mi ni, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Dáwódù. Lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ọjọ́ tí ojú yín bá kọṣẹ́ báyìí, ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀ o. Ẹ ò ní dá gbé. A máa fi ilé yìí fún ayálégbé." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tèmi ni mo fẹ́ wà. Níbẹ̀, ìgbà tó bá wù mí ni mò ń jí, ìgbà tó bá wù mí ni mò ń wẹ̀, bí inú bá sì bí mi, mo lè pariwo mọ́ ìkòkò láìsí pé ẹnì kan ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ ọmọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ dùn bí oyin, á kọ́kọ́ tọrọ àyè kó tó ṣí fèrèsé.

Dáwódù ti fura lẹ́ẹ̀kan rí. Ó wá kí mi, ó sì na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi. "Màmá, bọ́tìnì mi já. Ẹ bá mi rán an." Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ló fẹ́ dán mi wò! Aránṣọ ni mí, kí ẹ mọ̀. Mo fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú ṣóńṣó, mo fi èékánná wá ojú abẹ́rẹ́ kàn, mo fi ètè tì í, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rán bọ́tìnì rẹ̀, mo já òwú pẹ̀lú eyín. Ó ní, "Háà, ojú Màmá mà ju tèmi lọ!" Mo rẹ́rìn-ín. Télọ̀ tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ìka ló fi ń wọ abẹ́rẹ́, kì í ṣe ojú. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí mo bí nìkan ni kò mọ̀.

Nínú gbogbo ilé, balùwẹ̀ ló ṣòro jù, nítorí ibẹ̀ ni omi wà, ibẹ̀ lèèyàn ti ń yọ̀ ṣubú. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n tinútẹ̀yìn. Táìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ti là sí méjì; bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi bá ti kàn án, mo mọ̀ pé mo ti wọlé. Omi tó ń kán ni etí mi ń tẹ̀ lé títí tí n ó fi dé ìdí korobá. Ibi gbágungbàgun tí ọkọ mi lẹ̀ kì í yọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ń dúró sí wẹ̀. Bí mo bá wẹ̀ tán, mo na ọwọ́ ọ̀tún, ìṣó wà níbẹ̀, aṣọ ìnura wà lára ìṣó. N kò ṣubú níbẹ̀ rí lọ́jọ́ kan.

Ìyàwó Dáwódù ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi kan, òun àti ọkọ rẹ̀ àti abíkẹ́yìn mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́. Ìyàwó wọ balùwẹ̀, ó jáde, ó ń pòṣé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Balùwẹ̀ yìí mà dàgbà jù yín lọ."

"Ó dàgbà lóòótọ́," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọdé òde òní ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Abíkẹ́yìn sáré fa fóònù yọ. "Ìyàwó wa, ó yẹ kẹ́ ẹ rí fídíò kan. Obìnrin yìí tún tiẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀, kò pe bíríkìlà, kò pe púlọ́mbà. Táìlì àtijọ́ ọ̀hún gan-an ló kùn lọ́dà, ó wá ń dán gbinrin."

"Wọ́n ń kun táìlì lọ́dà?" ni mo bi í. "Kí ló dé, ṣé ọkọ ló ń wá ni?"

"Màmá, ẹ ò ní ṣíwọ́ ẹ̀fẹ̀. A lè ṣe é láàárín ọjọ́ Sátidé sí Sọ́ńdè. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì, kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà nílẹ̀, ó parí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni."

Mo ní kí wọ́n fi balùwẹ̀ mi sílẹ̀. Mo ní òórùn ọ̀dà kò bá mi lára mu. Mo ní ẹ̀yìn Dáwódù kò le. Gbogbo àwáwí tó wà lẹ́nu àgbà ni mo wá jáde, kò sì sí èyí tí wọ́n gbà. Dáwódù wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ mi. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn, oorun kì í kùn mí. Bí ó bá máa wà bẹ́ẹ̀, n ò lè fi yín sílẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un ṣe, ọkàn mi á balẹ̀, ẹ ó sì lè máa dá gbé ilé yín."

Ẹ wá wo ọ̀fìn tí mo bọ́ sí. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á kó mi lọ. Bí mo bá gbà, wọ́n á kó balùwẹ̀ mi lọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní balùwẹ̀ ṣeé kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti kọ́ èyí tó gbó, n ó kọ́ tuntun. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn oníṣẹ́ mi dé. Ilé ìfowópamọ́ ni Dáwódù ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju búrẹ́dì lọ, ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń pàṣẹ bí ọ̀gá bíríkìlà. Ìyàwó àti Abíkẹ́yìn kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ọṣẹ alágbára àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àárín táìlì. Òun náà mú bébà tí káfíńtà fi ń ha igi, ó ń ha ògiri gàràgàrà. Nígbà tó kan ẹ̀rọ omi, ó tú u láìti omi lẹ́yìn ilé. Omi tú jáde, ó bù ú lójú, ó bù ú lẹ́nu, ó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí pálọ̀. Mo gbọ́ tó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo wà ní pálọ̀ yìí," mo pariwo padà. "Ẹ lọ ti omi! Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, mo kàn jókòó tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ojú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n fi òòlù fa ìṣó mi yọ, ó ké kó tó jáde. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ omi tuntun tó ń rọ omi síni lórí wọlé, tí omi kò kán mọ́.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe pa lọ́lọ́, Màmá?" ni Dáwódù wí. Ohùn rẹ̀ dùn, bí ìgbà tó gba ipò kìíní nílé ìwé.

"Mo gbọ́," ni mo wí. "O ṣeun, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n ń da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, mo dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí bàbá yín lẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Màmá, ibẹ̀ gan-an ló burú jù!"

"Mo mọ̀. Ẹ fi sílẹ̀."

"Kápẹ́ẹ̀tì ò ní tẹ́jú lórí ẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù, bí a bá parí, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wa." Ó sì da sìmẹ́ǹtì lé e, ó fi pátákó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo padà lọ jókòó. Omijé ń bọ̀, mo gbé e mì. Bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran, ni wọ́n máa ń wí. Ojú tèmi ń sunkún lásán ni.

Ìyàwó mú àwọ̀ ọ̀dà méjì wá bá mi. "Màmá, èwo ló wù yín, èyí àbí èyí?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ."

"Funfun? Ojú yín tún dáa sí ẹwà o! Funfun náà ló wù mí." Báyìí ni mo ṣe fi ẹnu ara mi yan funfun. Ògiri funfun, ilẹ̀ funfun, aṣọ ìkélé funfun tí wọ́n ta síbi ìwẹ̀. Ìwọ̀nba òjìji tí ojú mi ṣì ń rí níbẹ̀, tó ń fi ibi tí ilẹ̀kùn wà hàn mí, mo fi ọwọ́ ara mi pa á.

Kí wọ́n tó lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abíkẹ́yìn ní òun ti ra jígí ńlá kan fún mi, òkè básíà ìfọwọ́ ni wọ́n máa gbé e kọ́. Ó ní kí n lè máa wo gèlè mi dáadáa kí n tó jáde. Mo súre fún un. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, mo gbọ́ tí nǹkan fọ́ yángá. Mo béèrè pé kí ló fọ́. Ìyàwó ní kò sí nǹkan o, agolo ọ̀dà ló ṣubú. Lẹ́yìn náà wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. N kò bìkítà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí n ó ṣe wọ ibẹ̀ lójú wọn, kí n yìn ín, kí n jáde, kí wọ́n máa lọ. Bí wọ́n bá ti lọ, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ́ ọ títí n ó fi mọ̀ ọ́n.

Wọ́n pè mí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wọlé. Mo gbé ẹsẹ̀, mo ń retí táìlì tó là. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń dán, ó ń yọ̀. N kò gbọdọ̀ nawọ́ kan nǹkan, nítorí wọ́n ń wò mí.

"Háà! Ṣé balùwẹ̀ mi nìyí?" ni mo wí. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ wo bí ògiri ṣe funfun! Ẹ wo ilẹ̀!"

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń purọ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́, ó máa ń fẹ́ fi iyọ̀ sí i. Mo yíjú sí apá ibi tí básíà wà. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo tún gèlè mi wé, mo yí ọrùn síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo ní, "Abíkẹ́yìn, jígí yìí mà dáa o! Ẹ wo bí mo ṣe ń dán, bí ẹni tí kò tíì bímọ."

Ẹ̀rín ni mò ń retí. Kò sẹ́ni tó rín.

"Màmá." Abíkẹ́yìn ni. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màmá, jígí ti fọ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan kan lára ògiri."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò fẹ́ sọ fún mi pé jígí fọ́, kí inú mi má baà bàjẹ́. Ilé wa nìyẹn: a kì í sọ ohun tó bàjẹ́ fún ara wa, a máa ń ní kò sí nǹkan. Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan sún mọ́ mi, mo sì mọ afẹ́fẹ́ ọwọ́ tó ń lọ, tó ń bọ̀ níwájú mi.

"Ìyàwó, sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀," ni mo wí.

Dáwódù ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Abẹ́rẹ́ tí ẹ fi rán bọ́tìnì mi ńkọ́?"

"Ìka ni mo fi wọ̀ ọ́. Ìka ni mo ti ń fi wọ̀ ọ́ kí n tó bí ẹ."

Ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé, ó dúró sínú balùwẹ̀ mi, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Ó nu imú, ó ní, "Ẹ ò lè sùn níbí mọ́, Màmá. Òní yìí la ń lọ."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbọ́ ara ẹ?" ni mo wí. "Mo ń dá wẹ̀ níbí, mo ń dá sè, mo ń dá jẹ, kó tó di pé ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ dá ìṣó mi padà. Ẹ jẹ́ kí omi máa kán. Ẹ hú rádaràda tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ yìí kúrò, mo máa ríran padà."

"Bí ẹ bá ṣubú, tí ẹ fi orí gbálẹ̀ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún aráyé?"

"Sọ fún wọn pé ilé ìyá ẹ ló ti ṣubú."

Abíkẹ́yìn ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bẹ èmi. Mo wá ní kí wọ́n fún mi láàyè kan ṣoṣo. Mo ní kí gbogbo wọn jáde, kí n wẹ̀ nínú balùwẹ̀ tuntun yìí, èmi nìkan. Bí mo bá wẹ̀ tán tí n kò ṣubú, kí wọ́n máa lọ sílé wọn, kí wọ́n má sì bá mi sọ ọ́ mọ́. Dáwódù kó àwọn yòókù jáde. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Mo gbọ́."

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo bọ́ṣọ. Mo ní kí ọwọ́ mi farabalẹ̀, bí ìgbà tí mo bá fẹ́ gé aṣọ olówó iyebíye. Mo tọ́ ògiri lọ. Mo rí básíà. Mo rí ẹ̀rọ omi tuntun, kì í ṣe yíyí, gbígbé sókè ni. Mo gbé e, omi sì já lù mí lórí, ó tutù bíi yìnyín. N kò kígbe. Mo wá ọṣẹ, mo rí i nínú ìgò kan lórí pátákó, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó dà á sọ́wọ́. Mo fi para, mo ṣan ara, mo ti omi. Mo wẹ̀! Mo gbọ́ mímí wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ku kí n rí aṣọ ìnura. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, ìṣó kò sí níbẹ̀, aṣọ ìkélé ni mo kàn. Mo dì í mú díẹ̀, kí n lè yí ẹsẹ̀ padà.

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ọ̀pá ìkélé yẹn mọ́ ògiri. Fídíò ló ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, pé kò gba ìṣó, kò gba sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pá náà já gbọlà, ó kọ lu básíà, ó balẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Gbogbo wọn ya wọlé, Dáwódù ló ṣáájú. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, gbọinrin, ìhòòhò ni mo wà, aṣọ ìkélé wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tó yíjú padà kíá.

"N ò ṣubú," ni mo wí. "Ìkélé ló ṣubú, kì í ṣe èmi."

"Ó ti tó, Màmá," ni Ìyàwó wí, ó ń fi aṣọ bò mí. "Ó ti tó. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Mo ní n ò ṣubú! Abíkẹ́yìn, ìwọ ni o rí mi, ṣé mo ṣubú?"

Ẹkún ni Abíkẹ́yìn ń sun. Dáwódù ti wà ní yàrá mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí aṣọ mi.

Ilé náà kò pẹ́ kó tó gba ayálégbé. Mo wà nítòsí nígbà tí Dáwódù ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ilé àtijọ́ ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun, òun àti àwọn ará ilé òun ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ọkùnrin náà kó wọlé kí oṣù tó parí. Wọ́n ní ó ń yin ilé náà.

Ilé Dáwódù dáa. Ìyàwó ń tọ́jú mi, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ mí, ó ń fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀. N kò lè bú u, n kò sì lè bú ọkọ rẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí bí ìkà ni wọ́n, ǹ bá ti rí nǹkan sọ. Wọ́n gbé àga kan fún mi lẹ́bàá fèrèsé. Bí mo bá ti gbé ọwọ́ lé apá àga báyìí, tí mo fẹ́ dìde, ohùn kan á ti dáhùn láti yàrá kan tàbí láti ilé ìdáná: "Kí lẹ fẹ́, Màmá? Ẹ jókòó, a máa gbé e wá fún yín."

N kò fẹ́ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ dìde ni. Mo tún máa ń jókòó.